Iṣu Onílà Mẹ́ta

Kàlẹ́ńdà méjì ló wà ní Oko Ẹ̀kọ́ Ilo-Awela, àwọn méjèèjì kò sì fìgbà kankan gbọ́ra wọn yé. Èkíní jẹ́ ti ilé-ìwé: orí páálí dídán ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ìṣó ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé Fọláwẹwọ́ sì fi kàn án mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Òun ló ń sọ ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ ìsinmi. Èkejì kò ní páálí, kò sì nílò ìṣó. Òjò ló ń kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á rẹ́.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí ilẹ̀ dẹ̀, tí ó yẹ kí ọwọ́ kéékèèké máa ju àgbàdo sílẹ̀, àwọn ọmọ yóò ti lọ fún ìsinmi Àjíǹde. Bí òjò bá wá mú ìrọ̀ rẹ̀ lọ́kùn-únkúndùn, ojú ọ̀nà yóò di ọbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan yóò rì sí i títí dé agbedeméjì táyà, àwọn òbí yóò sì kọ̀wé pé kí wọ́n sún ìrìn-àjò náà síwájú. Nínú oṣù kẹjọ, tí àgbàdo gbó, tí iṣu tuntun ń la ebè lórí, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dé. Àwọn ọmọ wà nílé, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀yà nìkan ni kì í gba ìsinmi. Ìgbà tí ilé-ìwé bá wá ráyè dáadáa, tí ọ̀nà gbẹ, tí ìdánwò jìnnà, oṣù kejì ọdún ni, nígbà tí ọyẹ́ ti fá oko lórí kodoro.

Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé mọ gbogbo èyí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ìwé girama kí ó tó fẹ̀yìntì, kí ó tó tọrọ éékà méjì lọ́wọ́ ìdílé Oyèwùmí, kí àwọn ọmọ Sango àti Oju Ore, tí wọ́n rò pé inú ọ̀rá ni ìrẹsì ti ń hù, lè máa rí bí oúnjẹ ṣe ń jáde nínú ilẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ pátákó ẹnu ọ̀nà: ILẸ̀ KÌ Í PURỌ́. Ènìyàn tútù ni, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn kan: kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè gbà wọlé láìkọ́kọ́ tú u palẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ké láti ilé ìdáná pé ọbẹ̀ ti jóná, yóò ní kí àwọn kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ìwọ̀n tí ọbẹ̀ yóò jó dé kí a tó lè pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fẹnu kò tán tí wọ́n sì lọ ra búrẹ́dì.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì, Bàbá Oyèwùmí, olórí ìdílé tó ni ilẹ̀, fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọ inú oko. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jókòó sórí garawa kan tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé.

"Bọ̀wálé, kí ló wà lórí ilẹ̀ yìí?"

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Bí a bá ní nǹkan wà lórí ilẹ̀—"

"Má tú nǹkan kan palẹ̀ fún mi. Ojú mi ṣì ń ríran. Erùpẹ̀ ni mo rí, àti àkùkọ kan tó ń wò mí bíi pé èmi ni àlejò."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ló dé, Bàbá."

"Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọkùnrin oníbúlọ́ọ̀kù kan ti wá bá mi láti Toll Gate nítorí ilẹ̀ yìí, bàtà ẹ̀ ń dán gbinrin. Ó ní tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ òun á máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Gbọ́ mi dáadáa. Bí nǹkan bá wà nínú ilẹ̀ ni, mi ò ní la ẹnu mi. Bàbá mi ò lé àgbẹ̀ kúrò lórí ohun tó gbìn rí, èmi náà ò ní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ebè òfìfo kì í ṣe ebè, òkìtì lásán ni."

"Bàbá, Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú ogójì ọmọ. Àwọn ni alága àwọn onílé-ìwé aládàáni agbègbè yìí. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí oko wa, ilé-ìwé méjìlá ni yóò máa wá."

Bàbá àgbà náà fi ọ̀pá rẹ̀ ta erùpẹ̀ díẹ̀. "Ó dáa. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ fún ọdún mẹ́ta. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, máa wá ibi tí wàá gbé àkùkọ rẹ sí."

Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé kò sọ fún un ni ohun tó wà nínú lẹ́tà Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá. Àwọn ogójì ọmọ yìí kan náà ló wá nínú oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbin iṣu sínú ebè kan, ó sì fi igi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gún un lórí. Lẹ́tà náà wá sọ pé inú àwọn ọmọ ń dùn ṣìnkìn láti wá wa iṣu tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn. Iṣu wo? Nínú oṣù kẹsàn-án, ọ̀yà ti kó ogún lọ. Nínú oṣù kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa ṣiṣẹ́ lóko wa ogún tó kù kí ọ̀yà má baà padà wá. Amos mọ bí ogún náà ṣe parí, nítorí òun ló sun èyí tó kẹ́yìn.

Amos yìí, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, ń yẹ ọjà wò ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, yóò wá fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní oko láìgba kọ́bọ̀. Ó ní òun fẹ́ràn láti máa rí ohun tí kì í ṣe inú páálí ló ti jáde. Ẹnì kejì rẹ̀ ni Ruqoyah, agùnbánirọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa irúgbìn ní yunifásítì. Àwọn méjèèjì ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé pè jọ sábẹ́ igi máńgòrò ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá lórí fóònù ká sọ òótọ́," Ruqoyah ní. "Ọ̀yà ló jẹ iṣu. Ẹ̀yin kọ́ lẹ rán ọ̀yà."

"Ogún ni ọ̀yà jẹ," Amos dáhùn. "Ta ló jẹ ogún tó kù?"

"Ìwọ náà ni."

"Àwa ni. Má yà mí sọ́tọ̀, Ruqoyah. Ìwọ lo gbé epo wá." Ó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé. "Ọ̀gá, iṣu kún ọjà Sango. Ogójì ebè, ogójì iṣu. A ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ á wà wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì. Ó parí."

Ó yẹ kí Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n dípò kí ó sọ ọ́ jáde, ó ṣe àṣìṣe kan: ó tú u palẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó létòlétò. Ìkíní: ohun tí a ó rì mọ́lẹ̀, ṣé iṣu ni àbí kì í ṣe iṣu? Iṣu ni. Ìkejì: nígbà tí àwọn ọmọ bá wà á, ṣé inú ilẹ̀ ló ti máa jáde? Inú ilẹ̀ ni. Ìkẹta: ìdùnnú tí wọn yóò ní, ṣé ìdùnnú gidi ni? Kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ." Ó na ìka sókè bí ẹni tó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. "Nínú gbogbo ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì rí èyí tí irọ́ ń gbé inú rẹ̀."

"Bàbá, odidi ẹ̀ ni irọ́."

"Odidi kọ́ ni a ń yẹ̀ wò, Ruqoyah. Ẹ̀ka ni."

Ruqoyah wo Amos, Amos wo òkè. Báyìí ni wọ́n ṣe fẹnu kò.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì gbé Amos àti iṣu rẹ̀ dé. Ó ti pẹ́ lọ́jà ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí kò lè ra nǹkan bí ọmọ aráyé yòókù ṣe ń rà á. Tépù ìwọ̀n ló mú lọ. Iṣu tó gùn jù, ó kọ̀ ọ́. Èyí tó kúrú jù, ó kọ̀ ọ́. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn, ó ní kò bá ìlànà mu. Inú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan tí ó yá lọ́wọ́ obìnrin tó tajà fún un ló kó èyí tó wà nínú kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ sí. Ogójì iṣu náà jọra bí ìbejì, lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítòsí orí, ni ìlà pupa mẹ́ta sì wà.

"Ìlà wo nìyí?" Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé béèrè.

"Àmì àyẹ̀wò ni, Ọ̀gá. Ní ilé-iṣẹ́ wa, páálí tí a bá yẹ̀ wò tó bá yege, èmi fúnra mi ni mo máa ń fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí i lára. Èyí tí ò bá lámì, kò gbọdọ̀ jáde. Lọ́jà lónìí, mo rí èyí tí ò lámì rárá, mo rí èyí tí wọ́n fi búlúù sí lára, bóyá ipò kejì nìyẹn. Àwọn onípupa mẹ́ta nìkan ni mo mú. Ipò kìíní."

Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé mi orí. Ó wú u lórí pé àwọn oníṣu Sango ti ní ètò àyẹ̀wò, ó sì pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ kan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rì í. Ruqoyah ń ṣa ìtàkùn gbígbẹ káàkiri kí wọ́n lè fi gún orí ebè; nígbà tí ó padà dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, Amos ti dé ebè kẹrìndínlógójì. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo èyí tó ń rì lọ́wọ́.

"Amos! O dá iṣu dùbúlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe yẹ ká to nǹkan nìyẹn."

"Iṣu kì í dùbúlẹ̀ nínú ebè! Òòró ló máa ń wà, orí lókè, ìdí nísàlẹ̀."

"Tó bá dúró, ó lè ṣubú."

"Inú ilẹ̀ ló wà! Ibo ló fẹ́ ṣubú sí?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé. Oòrùn ti ń wọ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, ebè márùndínlógójì ló sì ti dí. Ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ kíákíá. "Iṣu tó ti gbó," ó ní, "lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀." Nígbà tí ó ń lọ sílé, kò gba ẹnu ọ̀nà tí pátákó wà. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà, níbi tí ẹ̀gún wà.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé dé. Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, obìnrin gíga kan tó máa ń fetí sílẹ̀ ju bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ, ìwé kékeré kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹyẹ ẹ̀ga.

"Bàbá Oko, ẹ káàárọ̀ sà!"

"Káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó yá, kí kálukú wá igi orúkọ rẹ̀!"

Démiládé ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan tirẹ̀. "Mo rí i! Mo rí i! Àǹtí, ó ń sùn!"

"Tèmi náà ń sùn!" Ìmísíolúwa ké láti ebè kejì. "Ó kọrí síbí!"

Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá rìn lọ síbi ebè Démiládé, ó wo ihò, ó wo iṣu, ó wo ihò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀.

"Bàbá Oko, kí ló dé tí tèmi àti ti Démiládé fi dọ́gba? Èmi bomi rin tèmi, òun ò bomi rin tiẹ̀ rárá!" Ìmísíolúwa béèrè.

"Ẹ ò rí i bí ilẹ̀ ṣe ń ṣe òdodo sí gbogbo ènìyàn?" Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé dáhùn. Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ó gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kò pariwo. Ràfátù ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó wọ híjáàbù funfun. Ó wa iṣu tirẹ̀, ó tu itọ́ sí eteetí aṣọ rẹ̀, ó sì fi nù ún lára. Ó rìn lọ wo ti Démiládé. Ó rìn lọ wo ti Ìmísíolúwa. Nígbà tí ó padà dé ìdí ebè rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Bàbá Oko, ẹ wá ná."

"Kí ló dé, Ràfátù?"

"Iṣu ìyá mi lèyí."

"Rárá o, iṣu tìrẹ ni. Ìwọ lo gbìn ín. Orúkọ rẹ ló wà lórí igi yìí."

"Orúkọ mi ló wà lórí igi. Àmì ìyá mi ló wà lára iṣu." Ó fi ìka tọ́ka sí i. "Ìlà pupa mẹ́ta. Ní ọjà Sango, ìyá mi ló ni ìlà pupa mẹ́ta, Ìyá Hafeez ló ni búlúù. Tí lọ́rì bá ń bọ̀ láti Ṣakí, àwọn mẹ́fà ló jọ máa ń kó iṣu sínú ẹ̀. Kí iṣu wọn má baà dàrú mọ́ra ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà sí i. Èmi gan-an máa ń bá wọn kùn ún ní Sátidé."

Amos rọra wo iṣu, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, "Kì í ṣe ipò kìíní?"

"Bóyá iṣu ìyá ẹ rìn wá síbí," Démiládé dá àbá.

"Iṣu lẹ́sẹ̀?" Ràfátù bi í.

"Bí kò lẹ́sẹ̀, a jẹ́ pé olè ló gbé e wá. Ta ni olè?"

Ogójì ọmọ yíjú sí Bàbá Oko.

Ìgbà yìí ni Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi inú ìkòkò. "Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá Ràfátù ni Bàbá Oko ti ra iṣu tí ẹ gbìn lọ́dún tó kọjá. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, sà?"

Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé gbayawu. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Lẹ́yìn ọ̀nà náà ni ọdún mẹ́ta wà, ilé-ìwé méjìlá, àti àkùkọ tó jókòó síbi tó ti ń jókòó. Amos kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n pè é. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí!"

Ràfátù gbé ojú sókè. "Bàbá Oko, ọ̀dà máa ń hù ni? Ìyá ìyá mi kọlà. Ìlà mẹ́ta-mẹ́ta, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n bí ìyá mi, ìyá mi ò nílà. Ìyá mi bí mi, èmi náà ò nílà. Báwo ni iṣu ṣe wá jogún tiẹ̀?"

Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé fi dúró níwájú pátákó, irú ìbéèrè yìí ló ń retí, ṣùgbọ́n bóyá ẹ̀kọ́ náà yóò jáde nínú ìdánwò nìkan ni àwọn tó kọ́ máa ń bi í. Àpẹẹrẹ ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀rí ti wà nínú rẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ka rẹ̀ pé, odidi rẹ̀ pé. Ó wá yé e pé bí òun bá dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dà máa ń hù", ọmọ yìí yóò gbà á gbọ́, nítorí pé tíṣà ni òun. Ọgbọ́n tó dára tó báyìí yóò sì kú sórí ebè tí kò ní nǹkan kan nínú. Ó lè pàdánù ilẹ̀. Ìyẹn ṣeé fara dà; kí ọgbọ́n ọmọ yìí kú kò ṣeé fara dà.

"Rárá, Ràfátù," ó ní. "Ọ̀dà kì í hù. Ìwọ lo jàre. Lánàá ni a ra àwọn iṣu yìí ní ọjà, a sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ kí ẹ lè rí nǹkan wà. Irọ́ ni. Mo tú u palẹ̀ títí n kò fi rí i mọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni."

"Iṣu tiwa wá ńkọ́?" Ìmísíolúwa béèrè.

"Ọ̀yà jẹ ogún. Àwa jẹ ogún."

Àwọn ọmọ kò bínú bí ó ti rò. Ọ̀yà ló gbà wọ́n lọ́kàn. Ṣé ó tóbi? Ṣé ó ní eyín? Ihò rẹ̀ dà? Démiládé tilẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀yà ló jẹ tirẹ̀ gan-an ni tàbí ènìyàn, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un pé kò sí ẹni tó mọ̀, ó wo Amos láti orí dé ẹsẹ̀.

Ràfátù nìkan ni kò tíì gbà. "Mi ò mọ̀ bóyá ẹ rà á lóòótọ́. Ẹ pe ìyá mi."

Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá yọ fóònù, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ariwo ọjà ló kọ́kọ́ wọlé.

"Ìyá Ràfátù, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹnì kan ra iṣu ogójì lọ́wọ́ yín lánàá?"

"Ọkùnrin onítépù! Mo mọ̀ ọ́n! Mọ́mì, ọkùnrin yẹn wọn iṣu mi bí ẹni fẹ́ rán ṣòkòtò fún un! Wákàtí méjì ló fi dúró lórí mi, ó ń sọ fún iṣu pé kò bá ìlànà mu! Ó sanwó, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í, apẹ̀rẹ̀ mi dà?"

Amos ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi tí apẹ̀rẹ̀ náà wà.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá pa ìwé rẹ̀ dé. "Ọ̀gbẹ́ni Fọláwẹwọ́, ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ní Ayétòrò. Láti ìgbà tí Démiládé ti ní iṣu òun ń sùn ni mo ti mọ̀. Mo kàn ń wò ó bóyá ẹnì kan á sọ̀rọ̀ ni. Mi ò ní fọwọ́ sí i lónìí."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, Mà."

"Ọjọ́ tí àwọn ọmọ yìí bá wa iṣu tí ẹnikẹ́ni ò rà lọ́jà ni n óò fọwọ́ sí i. Ìgbà wo nìyẹn?"

"Bí a bá gbìn ín báyìí, tí a sì fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí oòrùn má baà sè é, oṣù kẹjọ ni. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé á ti gba ìsinmi, Mà."

"A máa wá!" Démiládé pariwo. "Kò kúkú síná nílé nígbà hólídè!"

Orí ariwo ogójì ọmọ yìí ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀. Ràfátù bọ́ sí iwájú bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbé iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo orí wọn, ó ń sọ fún Ruqoyah èyí tó ti ń rú èhù àti èyí tó ṣì ń fi àkókò ṣòfò. Ruqoyah ń gé orí iṣu, àwọn ọmọ ń fi eérú pa ojú ibi tí wọ́n gé, Amos ń gbìn ín sínú ebè lábẹ́ ìṣọ́ Démiládé, tí kò jẹ́ kí ó dá ẹyọ kan dùbúlẹ̀. Ìdí iṣu tó kù, wọ́n sun ún, wọ́n fi epo pupa jẹ ẹ́, aṣọ funfun Ràfátù sì gba tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé lọ bá Bàbá Oyèwùmí nílé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohun kan pamọ́: iṣu, ọ̀dà, apẹ̀rẹ̀, àti pé wọn kò fọwọ́ sí i.

Bàbá àgbà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bọ̀wálé, ìwé rẹ pọ̀ jù. Ìwọ àti ìwé, ẹ ẹ́ pa ara yín lọ́jọ́ kan. Kí ló wà nínú ilẹ̀ báyìí?"

"Orí iṣu ogójì, sà."

"Èyí tí ẹ rì, àbí èyí tí ẹ gbìn?"

"Èyí tí a gbìn."

"Kí lo wá ń dúró sọ fún mi? Mo ti sọ fún ọ lọ́jọ́ Ajé. A kì í lé àgbẹ̀ kúrò lórí ohun tó gbìn. Kí ọmọ oníbàtà dídán máa lọ wá nǹkan ṣe títí dìgbà tí ẹ bá wà á. Lẹ́yìn náà, èmi àti ìwọ á tún jókòó." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí i. "Èyí tó bá tóbi jù, tèmi ni. Ìṣákọ́lẹ̀ mi nìyẹn."

Òjò pẹ́ kí ó tó dé lọ́dún náà, ọ̀yà kò sì pẹ́. Ebè mẹ́jọ ni ó tú kí Amos tó fi páánù àlòkù látilé-iṣẹ́ yí oko ká. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹjọ, láàárín gbùngbùn ìsinmi, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé dé pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlélógójì, nítorí Démiládé mú àbúrò rẹ̀ wá.

Iṣu méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n wà jáde. Ọ̀kan tóbi bí ọmọ ìkókó, ọ̀kan kò ju ìkúùkù lọ, ọ̀kan ní ìka márùn-ún bí ọwọ́ ènìyàn, èyí tí Ìmísíolúwa wà sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà Ilo-Awela. Amos yọ tépù rẹ̀ nínú àpò, ó wo àwọn iṣu náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá tépù padà.

Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá fọwọ́ sí ìwé lórí ẹ̀yìn garawa tí Bàbá Oyèwùmí máa ń jókòó lé. Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé ti múra ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kan sílẹ̀, ó ní ẹ̀ka mẹ́rin, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ èkíní nígbà tí ó rí Ràfátù tó lóṣòó ti iṣu tó tóbi jù, èyí tí í ṣe ìṣákọ́lẹ̀. Ọmọ náà yọ ìgò ọ̀dà pupa kékeré kan nínú àpò aṣọ rẹ̀.

"Ràfátù, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ fi àmì sí i, Bàbá Oko. Kí àwọn ará ilé Bàbá Oyèwùmí má baà rò pé ọjà la ti rà á."

Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé la ẹnu láti ṣàlàyé fún un pé àmì náà gan-an ni yóò mú kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti fa ìlà kẹta.